Ìdí Tí Wáyà Bátìrì Ọkọ̀ Ojú Omi Fi Nípọn: Bí A Ṣe Ń So Bátìrì Mọ́ Ẹ́ńjìnnì Kí Iná Má Baà Sọ

Ẹ̀gbọ́n mi, aládùúgbò mi, ẹ bi mí léèrè pé kí ló dé tí wáyà tó wà nínú ọkọ̀ mi fi nípọn tó ìka ọwọ́, nígbà tó jẹ́ pé bátìrì fóòtì 12 ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ ní wáyà ilé yín tẹ́ẹ́rẹ́, bẹ́ẹ̀ iná fóòtì 230 tó lè gbé ènìyàn pa ló ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ti bátìrì sì rèé, ènìyàn lè fọwọ́ gbígbẹ kan orí rẹ̀ méjèèjì kó má mọ nǹkan kan lára. Ìbéèrè yìí ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ fi bátìrì wa ọkọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Bí ẹ bá ti mọ ìdí tí wáyà yẹn fi nípọn, ìyókù ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ní ṣòro, torí ìdí kan ṣoṣo yẹn ló wà lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ má rò pé àṣà tuntun là ń dá. Ní 1838, Moritz Jacobi, ọmọ Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ ní Rọ́ṣíà, fi iná bátìrì wa ọkọ̀ lórí odò Neva ní ìlú St. Petersburg. Ní 1859, Gaston Planté ní ilẹ̀ Faransé ṣe bátìrì olójé, baba ńlá èyí tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò títí dòní. Nígbà tó di 1881, Gustave Trouvé gbé ẹ́ńjìnnì oníbátìrì kékeré tó ṣeé gbé kọ́ ìdí ọkọ̀, tó sì ṣeé yọ, jáde lórí odò Seine ní Paris. Ẹ́ńjìnnì elépo ló wá borí, torí pé bátìrì ayé ìgbà yẹn wúwo, kì í sì í pẹ́ tán. Ní báyìí, bátìrì ti fúyẹ́, epo sì ti gbówó lórí, nítorí náà ẹni tó ń dẹ àwọ̀n lẹ́sẹ̀ ọ̀sà láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú, tí kò fẹ́ kí ariwo lé ẹja lọ, ní ìdí tó fi yẹ kó fẹ́ ẹ́ńjìnnì oníbátìrì. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnnì kì í sábà ta wáyà rẹ̀, kì í sì í sọ bí a ṣe ń so ó.

Fóòtì kéré, áńpì pọ̀

Ẹ wo táǹkì omi tó wà lókè ilé yín. Bí táǹkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń fi agbára sọ̀ kalẹ̀: ìyẹn ni fóòtì. Iye omi tó ń gba inú páìpù kọjá ní ìṣẹ́jú kan: ìyẹn ni áńpì. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó rí wáàtì, ìyẹn iṣẹ́ tí iná náà ń ṣe. Táǹkì tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ tí ti òkè ń ṣe, ṣùgbọ́n omi tó pọ̀ ju ti òkè lọ gan-an ló ní láti jáde kó tó lè ṣe é, páìpù rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Ilé-iṣẹ́ Minn Kota ní Amẹ́ríkà ń ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí agbára ìtì rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 55. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, áńpì 50 ló ń fà lára bátìrì fóòtì 12. Ìlọ́po 12 àti 50 jẹ́ wáàtì 600. Nínú ilé, ohun tó ń jẹ wáàtì 600 lórí iná fóòtì 230 kò fa ju áńpì 2.6 lọ. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n áńpì tó ń gba inú wáyà ọkọ̀ kọjá jẹ́ nǹkan bí ìlọ́po 19 ti ilé.

Áńpì ló ń mú wáyà gbóná. Bí áńpì bá di ìlọ́po 2, ooru á di ìlọ́po 4. Bí ó bá di ìlọ́po 3, ooru á di ìlọ́po 9. Ìdí rèé tí ewu ọkọ̀ oníbátìrì fóòtì 12 kò fi sí nínú kí iná gbéni. Ooru ni ewu rẹ̀. Gbogbo ohun tí a óò ṣe láti ìhín lọ, kí ooru má baà rí ibi jókòó sí ni.

Ìwọ̀n wáyà

Àwọn tó mọ ọkọ̀ máa ń gbé bátìrì sí iwájú tàbí àárín, kí ìwúwo má baà pọ̀ jù ní ìdí tí ẹ́ńjìnnì àti atukọ̀ wà. Ká ní mítà 3 ló wà láàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnnì. Wáyà tí a óò ṣírò jẹ́ mítà 6, torí pé iná tó lọ gbọ́dọ̀ bọ̀.

Bí ẹ bá lo wáyà 2.5 (mìlímítà onígun mẹ́rin ni a fi ń wọn ojú bàbà rẹ̀), èyí tí àwọn ríwáyà ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, tí áńpì 50 sì ń gba inú rẹ̀ kọjá, fóòtì 2 odidi ni yóò ṣòfò lójú ọ̀nà. Fóòtì 10 ni ẹ́ńjìnnì á máa rí dípò 12, á sì máa rìn bí ẹni tí ebi ń pa. Fóòtì 2 tó ṣòfò yẹn kò sì lọ sí ọ̀run: wáàtì 100 ló dà, ooru lásán sì ni gbogbo rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi bo wáyà ilé, wọn kò ṣe é fún ooru tó ju 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì lọ. Á rọ̀, á yọ́, bàbà á yọjú, pọ́sítíìfù á sì rí ọ̀nà kan nẹ́gétíìfù.

Bí wáyà bá jẹ́ 10, ìdajì fóòtì ló máa ṣòfò, ooru rẹ̀ á sì jẹ́ wáàtì 26. Pẹ̀lú 16, òfò á wálẹ̀ sí fóòtì 0.3, ooru á sì di wáàtì 16. Pẹ̀lú 25, òfò kò ní ju fóòtì 0.2 lọ, wáàtì 10 péré ni yóò tàn ká orí mítà 6, ọwọ́ kò sì ní fẹ́ẹ́ mọ̀ pé ó gbóná. Àwọn tó ń so iná ọkọ̀ kì í fẹ́ kí òfò kọjá ìdá 3 nínú 100. Wáyà 16 ń bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n yẹn tìyàtìyà. 25 ló fún ni ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Òun ni ẹ rí nínú ọkọ̀ mi.

Ẹ má fi ojú nìkan ra wáyà. Wáyà kan wà lọ́jà tó jẹ́ pé aluminiọ̀mù ni inú rẹ̀, bàbà ni wọ́n fi kùn ún. Ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kéré, ó sì ń dán bí ojúlówó. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbóná ju bàbà lọ bí áńpì kan náà bá gba inú wọn kọjá, omi iyọ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ fa ìrun wáyà kan yọ, kí ẹ fi abẹ fá a. Bí funfun bá yọ lábẹ́ pupa, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Èyí tó dára jù fún omi ni bàbà tí wọ́n ti fi tánńganran bo ìrun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrun rẹ̀ gbọ́dọ̀ wẹ́, kó sì pọ̀, torí wáyà oníganpa kan ṣoṣo á kán bí ọkọ̀ bá ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí ìgbì.

Ojú ìsopọ̀ ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀

Wáyà tó dára lè wà lórí ojú ìsopọ̀ tí kò dára, kí gbogbo owó náà sì ṣòfò. Bí ojú ìsopọ̀ kan bá ń fa òfò ìdajì fóòtì péré nígbà tí áńpì 50 ń kọjá, wáàtì 25 ló wà níbẹ̀, lójú ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Áyọ́ọ̀nù tí àwọn alátùn-únṣe rédíò fi ń yọ́ léèdì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ẹ bó rọ́bà orí wáyà ní ìwọ̀n tí bàbà rẹ̀ máa wọ inú lọ́ọ̀gì tán, ìyẹn irin oníhò tí a fi ń de wáyà mọ́ orí bátìrì. Ẹ ti bàbà náà wọlé títí yóò fi kan ìdí, kí ìrun kan ṣoṣo má ṣẹ́ kù síta. Ẹ wá fi kírímpà tí ẹnu rẹ̀ bá lọ́ọ̀gì náà mu tẹ̀ ẹ́ pa. Òòlù kọ́, pílásì kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di wáyà mú lọ́wọ́ kan, lọ́ọ̀gì lọ́wọ́ kejì, kí ẹ fà wọ́n tagbáratagbára. Bó bá máa yọ, ó sàn kó yọ nílé ju kó yọ láàárín ọ̀sà lọ. Ẹ fi rọ́bà tó ń fún mọ́ra bí iná bá kàn án bo ọrùn rẹ̀, irú èyí tó ní gọ́ọ̀mù nínú, kí omi iyọ̀ má baà yọ́ wọlé. Ẹ má gbára lé léèdì nìkan láti fi di wáyà mọ́ lọ́ọ̀gì: ọjọ́ tí ibẹ̀ bá gbóná jù, léèdì á yọ́, wáyà á sì bọ́.

Bí ẹ bá ń fi lọ́ọ̀gì sí orí bátìrì, ẹ wo bí ẹ ṣe tò ó. Lọ́ọ̀gì ló gbọ́dọ̀ jókòó lé orí bátìrì fúnra rẹ̀. Wáṣà á wà lórí lọ́ọ̀gì, nọ́ọ̀tì á tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi wáṣà sáàárín orí bátìrì àti lọ́ọ̀gì. Ojú kò ní rí àléébù rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo áńpì 50 ló ní láti gba inú irin wáṣà náà kọjá, irin kì í sì í gbé iná bíi bàbà. Ẹ lo nọ́ọ̀tì tí a ń fi sípánà dè. Èyí tó ní apá méjì tí a ń fi ọwọ́ yí kò yẹ fún wáyà tó nípọn tó báyìí, torí ìgbì á máa mì ín títí yóò fi tú.

Fíùsì: olùṣọ́ wáyà

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹ́ńjìnnì ni fíùsì ń dáàbò bò. Wáyà ló wà fún. Bátìrì olójé tó tóbi lè tú áńpì tó ju 1,000 lọ síta lójú ẹsẹ̀ bí pọ́sítíìfù rẹ̀ bá kan nẹ́gétíìfù tààrà. Kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ohun tí ọ̀nà bá gbà ló máa tú jáde. Wáyà 25 kò lè gba irú áńpì bẹ́ẹ̀ láìjóná. Fíùsì ni ibi tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi ṣe aláìlágbára jù lọ, kó lè kọ́kọ́ já, kí ìyókù má baà jó.

Nítorí náà, ibi tí fíùsì wà ṣe pàtàkì ju iye rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, mítà 3 ti wà láàárín òun àti bátìrì tí kò ní olùṣọ́ kankan. Bí wáyà bá ń ha ara mọ́ igun pákó lójú ọ̀nà, tó sì bó, iná á ti jó ọkọ̀ kí fíùsì tó gbọ́. American Boat and Yacht Council, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìlànà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní kí fíùsì wà láàárín íńṣì 7 sí orí bátìrì, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Fíùsì kan wà tí a ń dè mọ́ orí pọ́sítíìfù bátìrì gan-an. Ìyẹn ló súnmọ́ ọn jù.

Iye rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ohun tí ẹ́ńjìnnì ń fà lọ díẹ̀, kó sì kéré sí ohun tí wáyà lè gbé. Fún ẹ́ńjìnnì áńpì 50 wa yìí, 60 ni àwọn tó ṣe é ní kí a lò, wáyà 25 sì lè gbé e láìráhùn. Bí fíùsì bá já, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe nídìí mítà ilé, kí wọ́n fi ìrun wáyà di ojú fíùsì tó já. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ ti lé olùṣọ́ kúrò, ó sì fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Fún bátìrì lítíọ̀mù, tí áńpì rẹ̀ lè ga ju ti olójé lọ bí wáyà bá kan ara, fíùsì tí a ń pè ní Class T ló dára jù, torí ó lè já iná tó tó áńpì 20,000 láìbú.

Ọ̀rọ̀ bíréékà náà rèé. Bíréékà ilé kò yẹ ní ọkọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ 63 ni wọ́n kọ sí i lára. Iná NEPA ń yí padà ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń kan òdo ní ìgbà 100. Bí bíréékà bá já, tí iná ń ta láàárín irin rẹ̀ méjèèjì, ìgbà tó bá kan òdo yẹn ló máa kú. Iná bátìrì kì í kan òdo. Á máa ta lọ láàárín irin méjèèjì títí bíréékà fi máa yọ́. Ẹ béèrè bíréékà DC, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe fún iná bátìrì, kí ẹ sì rí i pé fóòtì tí wọ́n kọ sí i tó ti bátìrì yín.

Irú bátìrì wo ni?

Bátìrì mọ́tò wà fún kó tú áńpì púpọ̀ sílẹ̀ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá tí mọ́tò ń gbà jí. Bí ẹ bá ń fà á tán lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Bátìrì tí a ṣe fún fífà pẹ́, irú èyí tí àwọn onísólà ń lò, ni kí ẹ rà.

Bátìrì olójé áńpì-wákàtì 100 wúwo tó kìlógíráàmù 27 sí 30. Áńpì 5 fún wákàtì 20 ni wọ́n sábà fi ń wọn 100 tí wọ́n kọ sí i. Bí ẹ bá ń fa áńpì 50, kò ní fún yín tó bẹ́ẹ̀. Kó lè pẹ́, ẹ má fà á kọjá ìdajì. Èyí já sí pé eré àsápajúdé lórí bátìrì olójé kan kì í tó wákàtì kan. Bí ẹ bá sì dín eré kù, áńpì á já wálẹ̀ gan-an, ẹ ó sì rìn jìnnà. Bí bátìrì bá ti sinmi, tí mítà ka 12.7, ó kún; bó bá ka 12.2, ó ti dé ìdajì, ẹ darí sílé.

Lítíọ̀mù tó yẹ ọkọ̀ ni èyí tí wọ́n ń kọ LiFePO4 sí lára. Ìwọ̀n 100 rẹ̀ kò wúwo ju kìlógíráàmù 11 sí 13 lọ, a sì lè fa ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ láìṣe é ní jàǹbá, tó fi jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì áńpì 50 á rìn fún wákàtì kan ààbọ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní BMS, tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí áńpì bá pọ̀ jù, tí bátìrì bá fẹ́ tán, tàbí tó bá gbóná jù. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan náà ló ń já, láìsọ tẹ́lẹ̀, fóòtì bátìrì náà kì í sì í fẹ́ẹ́ yí padà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Bí bátìrì bá ju ẹyọ kan lọ

Ọ̀nà méjì ni a ń gbà so wọ́n. Èkíní ni síríìsì: fóòtì á pọ̀ sí i, áńpì-wákàtì kò ní yí padà. Ẹ fi wáyà kan so pọ́sítíìfù bátìrì àkọ́kọ́ mọ́ nẹ́gétíìfù ìkejì. Orí méjì tó ṣẹ́ kù ló ń lọ sí ẹ́ńjìnnì, fóòtì 24 sì ni. Wáàtì 600 tó ń gba áńpì 50 tẹ́lẹ̀ kò ní gbà ju 25 lọ mọ́, ooru inú wáyà kan náà á sì di ìdá mẹ́rin péré. Ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì ńlá kì í fi í lo fóòtì 12. Àṣìṣe tó burú jù níbẹ̀ ni kí ènìyàn fi wáyà so orí méjì tó ṣẹ́ kù yẹn mọ́ra wọn. Bátìrì méjèèjì ló máa tú gbogbo agbára wọn sínú wáyà náà. Ẹ má sì fa iná fóòtì 12 fún gílóòbù tàbí ẹ̀rọ ìwá-ẹja láti ara ọ̀kan nínú méjèèjì, torí ọ̀kan á máa tán ṣáájú èkejì, ìkejì á sì máa gba ṣájì kọjá ààlà. Fún lítíọ̀mù, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá àwọn tó ṣe é gbà kí a so ó ní síríìsì. Gbogbo BMS kọ́ ló lè gbà á.

Èkejì ni páráléèlì: pọ́sítíìfù mọ́ pọ́sítíìfù, nẹ́gétíìfù mọ́ nẹ́gétíìfù. Fóòtì kò ní yí padà, áńpì-wákàtì ló máa pọ̀ sí i. Ẹ fa pọ́sítíìfù tó ń lọ sí ẹ́ńjìnnì láti ara bátìrì àkọ́kọ́, kí ẹ fa nẹ́gétíìfù láti ara ìkẹyìn, kí gbogbo wọn lè pín iṣẹ́ náà dọ́gba. Bátìrì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní fíùsì tirẹ̀, kí èyí tó lágbára má baà tú áńpì sínú èyí tó bá bàjẹ́. Kí ẹ tó so wọ́n, ẹ ṣájì wọn kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Lọ́nà méjèèjì, irú kan náà, ìwọ̀n kan náà, ọjọ́ orí kan náà ni kí wọ́n jẹ́. Tuntun tí a so mọ́ tòkúńbọ̀, òun ni yóò máa ru ẹrù méjèèjì títí òun náà á fi di ògbó. Bí ẹ bá sì gòkè dé fóòtì 48, ẹ rántí pé ó lè lé ní 54 bó bá ń gba ṣájì. Ọwọ́ tí omi iyọ̀ ti rin kò yẹ kó kan orí rẹ̀ rárá.

Àpótí, afẹ́fẹ́ àti omi

Bátìrì olójé máa ń tú afẹ́fẹ́ haidirójìnì jáde bó bá ń gba ṣájì. Bí ìdá 4 péré nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀ bá ti jẹ́ haidirójìnì, ẹ̀ta iná kékeré kan tó láti mú kó bú gbàù. Òkè ló máa ń lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí àpótí bátìrì ní ojú lókè. Òórùn bẹntiróòlù sì máa ń wúwo, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń bá lọ. Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì epo àti bátìrì sí ibi kan náà.

Omi ọ̀sà Èkó máa ń níyọ̀ sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí omi iyọ̀ bá wọ inú bátìrì olómi, ó lè mú afẹ́fẹ́ kiloríìnì jáde, májèlé sì ni. Ẹ gbé bátìrì sókè kúrò nílẹ̀ ọkọ̀ tí omi ń dúró sí, kí ẹ fi bẹ́líìtì dè é kó má lè sún ju íńṣì kan lọ bí ìgbì bá gbá ọkọ̀. Ẹ fi rọ́bà bo orí pọ́sítíìfù, kí sípánà tó bá já bọ́ má baà di wáyà láàárín orí méjèèjì. Ẹ ṣíji bò ó kúrò lọ́wọ́ oòrùn, pàápàá lítíọ̀mù.

Ọjọ́ tí a óò so ó

Ẹ bọ́ òrùka, aago àti ṣéènì ọwọ́ kúrò. Òrùka tó bá dí àárín pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù máa pọ́n lójú ẹsẹ̀, á sì jó ìka dé egungun. Ẹ fi téèpù we ọwọ́ sípánà, kó ku ẹnu rẹ̀ nìkan. Ẹ yọ fíùsì, ẹ pa súìṣì tó ń já iná láàárín bátìrì àti ẹ́ńjìnnì. Láti ìdí ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ ti máa so bọ̀, kó jẹ́ pé bátìrì ni ẹ ó kàn kẹ́yìn: pọ́sítíìfù ṣáájú, nẹ́gétíìfù tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ń tú u, nẹ́gétíìfù ni kó kọ́kọ́ kúrò.

Kí ẹ tó fi fíùsì padà, ẹ gbé mítà síbi tí wáyà bátìrì ti dé ojú fíùsì. Bátìrì olójé méjì tó kún ní síríìsì yẹ kó ka nǹkan bí 25.4. Bí àmì ìyọkúrò bá wà níwájú nọ́ńbà, pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù ti gba ipò ara wọn. Ẹ má fi fíùsì sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté dáadáa, kí ẹ tẹ ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ pa á, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gbogbo ojú ìsopọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: orí bátìrì, fíùsì, súìṣì, ẹnu ẹ́ńjìnnì. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ni kò dára. Ẹ tú u, ẹ nù ún, ẹ tún un dè. Ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yìí lóòrèkóòrè. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tàbí funfun lórí lọ́ọ̀gì jẹ́ àmì pé iyọ̀ ti dé ibẹ̀.

Ṣájà olójé kò yẹ fún lítíọ̀mù àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó lè ṣe méjèèjì. Ẹ ṣájì níta gbangba tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe nínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn sí. Bí èéfín bá yọ lójú omi, súìṣì ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, torí iná wáyà kò ní kú níwọ̀n ìgbà tí áńpì ṣì ń kọjá. Nítorí náà ni súìṣì fi gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ lè tètè tó o, kó má ṣe wà lábẹ́ àwọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ ti ń tọ́jú owó ẹ́ńjìnnì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka owó wáyà bàbà gidi, fíùsì, súìṣì DC àti àpótí mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí owó náà kò bá tó, ẹ ra ẹ́ńjìnnì tó kéré, ẹ má dín wáyà kù. Ẹ́ńjìnnì kékeré tí a so dáadáa á gbé yín lọ, á sì gbé yín bọ̀. Ńlá tí a so pẹ̀lú wáyà ilé kò yẹ kó kúrò ní èbúté.